Àyẹ̀wò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí jíjẹ́ Ọlọ́run àti jíjẹ́ ènìyàn Kristi

Ẹ̀kọ́ kẹta ni mo wà nígbà tí mo dá fídíò náà dúró, tí mo sì dá a padà sẹ́yìn láti rí i pé ojú mi kò tàn mí. Olùkọ́ ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì: homoousios, tó túmọ̀ sí pé ohun kan náà gan-an ni Ọmọ àti Baba í ṣe, àti homoiousios, tó túmọ̀ sí pé Ọmọ jọ Baba nínú ohun tí Baba í ṣe. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n, èyí tí àwọn Gíríìkì ń pè ní iota. Olùkọ́ pe ọ̀rọ̀ méjèèjì dáadáa, ó tilẹ̀ fà wọ́n díẹ̀díẹ̀ kí etí lè mú ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ fídíò, bákan náà ni wọ́n kọ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa, tó jẹ́ pé àkọsílẹ̀ yẹn ló gbọ́kàn lé, yóò rò pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù fi ọ̀pọ̀ ọdún jà lórí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn ti fẹnu kò lé lórí.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé ibi tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ti dára àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, orí ọ̀rọ̀ kéékèèké ni méjèèjì dá lé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń tà á. Ẹ̀kọ́ 12 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, èèyàn sì lè wo fídíò tàbí kó gbọ́ ohùn nìkan. Ìwé pẹlẹbẹ kan bá a wá, tí wọ́n kó díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà àti ìpinnu àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ ayé ìgbà náà sí, ìdánwò kékeré sì wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ fi ń sọ̀rọ̀. Owó ara mi ni mo fi rà á, mo gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún padà sí ẹ̀kọ́ kẹjọ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kọ́ méjì àkọ́kọ́ kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n falẹ̀. Wọ́n mẹ́nu kan Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, tó fi àwọn lẹ́tà rẹ̀ bá àwọn kan jà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì, àwọn tó ní ńṣe ni Kristi kàn dà bí ẹni tó jìyà, pé kò jìyà ní ti gidi. Wọ́n mẹ́nu kan Paul ará Samosata, tí wọ́n yọ kúrò nípò bíṣọ́ọ̀bù ní Áńtíókù kan náà ní 268. Ẹni tó bá ti ka díẹ̀ nípa àkókò yẹn lè fò wọ́n, kò ní pàdánù ohun púpọ̀.

Nígbà tó kan Arius ni olùkọ́ wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an, ohun tí mo sì fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò sọ ọkùnrin náà di òmùgọ̀. Àlùfáà ni Arius ní Alẹkisáńdíríà, ní nǹkan bí 318 ni aáwọ̀ sì bẹ́ sílẹ̀ láàrin òun àti Alexander tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìbéèrè tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kì í ṣe ìbéèrè ọmọdé: bí Ọlọ́run bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, tí Ọmọ sì jẹ́ ẹni tí a bí, ṣé a lè ní ẹni tí a bí náà kò ní ìbẹ̀rẹ̀? Arius ní rárá o. Nígbà kan rí, Ọmọ kò sí, ẹ̀dá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ga jù nínú gbogbo ohun tí a dá. Ó tilẹ̀ fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú ewì. Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ wá fi sùúrù sọ ohun tí àwọn alátakò rẹ̀ rí tí ẹ̀rù fi bà wọ́n: bí ẹ̀dá bá ni Ọmọ, ẹ̀dá ni ìjọ ń sìn, ní orúkọ ẹ̀dá ni wọ́n sì ń ṣe ìrìbọmi, ẹ̀dá kò sì lè mú ẹ̀dá ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

Ní ti ìgbìmọ̀ tí Constantine ọba Róòmù pè sí Nicaea ní 325, àlàyé olùkọ́ lórí iye àwọn tó péjọ wù mí púpọ̀. Àṣà ìjọ ní bíṣọ́ọ̀bù 318 ni wọ́n, ṣùgbọ́n Eusebius ará Késáríà, tó jókòó síbẹ̀, kọ ọ́ pé wọ́n lé ní 250. Iye ọkùnrin tí Ábúráhámù kó jáde láti ilé rẹ̀ lọ sójú ogun nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹrìnlá ni 318 yẹn, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì ṣèṣì yàn án. Ìgbìmọ̀ náà kọ ọ́ sínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ pé bíbí ni a bí Ọmọ, a kò dá a. Fún àwa tó ń sọ Yorùbá, bí àti dá kò jọra rárá, kò sẹ́ni tó lè ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Nínú èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹni tí a bí àti èyí tó túmọ̀ sí ohun tí kò sí rí tó wá wà, lẹ́tà n kan ló yà wọ́n, àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà sì máa ń da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Olùkọ́ fi ìṣẹ́jú méje sórí èyí nìkan, kò sì sú mi.

Ó tún ka ibi kan nínú ìwàásù tí Gregory ará Nyssa ṣe ní Constantinople ní àwọn ọdún 380. Gregory ní bí o bá ní kí ẹnì kan ṣẹ́ owó fún ọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ jiyàn lórí ẹni tí a bí àti ẹni tí a kò bí. Bí o bá béèrè iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì, wọ́n á dá ọ lóhùn pé Baba tóbi jù, Ọmọ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí o bá béèrè bóyá omi ìwẹ̀ ti ṣe tán, wọ́n á ní láti inú òfo ni Ọmọ ti wá. Àwàdà olóòótọ́ ọ̀rọ̀ ni Gregory ń ṣe, ó sì fi hàn pé ìjà náà kò tíì rọlẹ̀ ní nǹkan bí 60 ọdún lẹ́yìn Nicaea. Ẹ rántí pé Athanasius, tó gba ipò Alexander ní 328, bọ́ sí ìgbèkùn nígbà márùn-ún kó tó kú ní 373, nítorí bí ọba kan ṣe ń gbè é ni òmíràn ń lé e.

Ẹ̀kọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún yí ìbéèrè náà sí apá kejì: bí Ọmọ bá jẹ́ Ọlọ́run pátápátá, irú ènìyàn wo ló wá jẹ́? Apollinaris ará Laodicea kórìíra ẹ̀kọ́ Arius, ọ̀rẹ́ Athanasius sì ni. Ó ní Kristi gbé ara ènìyàn wọ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló dúró sí ibi tí èrò inú ènìyàn ì bá wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ kò bá a fa ọ̀rọ̀ lọ títí. Ó kàn béèrè pé, ta wá ni ẹ̀rù ń bà nínú ọgbà Gẹ́tísémánì? Ó sì ka èsì Gregory ará Nazianzus, pé ohun tí Kristi kò bá gbé wọ̀, kò wò ó sàn. Bí èrò inú wa bá jẹ́ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí Kristi kò sì ní irú rẹ̀, apá ibi tí àìsàn wà gan-an ni oògùn kò dé. Ìgbìmọ̀ Constantinople kọ ẹ̀kọ́ Apollinaris ní 381. Mo ti ka àlàyé yìí nínú ìwé lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì yé mi tó báyìí rí.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀kọ́ yìí fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Kristi ní ìwà méjì." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwà méjì kẹ̀? Alágàbàgebè ni wọ́n pe Jésù?" Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí a bá fi ìwà túmọ̀ physis, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ìhùwàsí ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn yóò kọ́kọ́ lọ bá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo àbùdá fún physis, tí mo sì ń lo ẹni fún hypostasis, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kejì tó bá a rìn: ẹni kan ni, àbùdá méjì ló ní. Ẹ̀gbọ́n mi gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Gíríìkì fúnra wọn kò rí i yanjú kíákíá, torí ọ̀rọ̀ kan náà kò túmọ̀ sí ohun kan náà lẹ́nu gbogbo wọn. Nígbà tí Cyril, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, bá ní physis, ohun tó ní lọ́kàn sábà máa ń sún mọ́ ẹni. Nígbà tí àwọn ará Áńtíókù bá ní physis, àbùdá ni wọ́n ń wí. Cyril wá ń sọ̀rọ̀ nípa physis kan ṣoṣo ti Ọlọ́run Ọ̀rọ̀ tó di ẹran ara, àwọn ará Áńtíókù sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ti po Ọlọ́run àti ènìyàn pọ̀ bí ẹni po àmàlà. Ẹ̀kọ́ kẹfà sọ èyí yékéyéké ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó ṣeni láàánú pé ẹ̀kọ́ kẹfà kan náà ni mo bá ṣe ẹjọ́ jù. Nestorius ni ó dá lé, ẹni tí wọ́n mú wá láti Áńtíókù láti di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Constantinople ní 428. Àwọn èèyàn ìlú náà ti ń pe Màríà ní Theotokos, ẹni tó bí Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ Nestorius lọ́rùn, ó ní kí wọ́n kúkú pè é ní Christotokos, ẹni tó bí Kristi, nítorí ní tirẹ̀, ènìyàn kò lè bí ẹni tó ti wà kí ayé tó wà. Cyril dáhùn pé bí ẹni tí Màríà bí kò bá jẹ́ Ọlọ́run, a jẹ́ pé ẹni méjì ló wà nínú Kristi. Olùkọ́ wá dá ẹjọ́ náà níbi tí Cyril dá a sí: Nestorius kọ́ni pé Kristi méjì ló wà, ìgbìmọ̀ Éfésù yọ ọ́ nípò ní 431, ó parí.

Kò parí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ni Cyril ṣí ìgbìmọ̀ Éfésù, láìdúró de John bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù àti àwọn tó ń bá a bọ̀ lọ́nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣojú ọba ní kí wọ́n dúró. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n yọ Nestorius. Nígbà tí John dé, òun náà pe ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ó sì yọ Cyril. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sọ gbogbo èyí ní gbólóhùn méjì, kò sì sọ ohunkóhun nípa ẹ̀bùn tí Cyril kó ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn ààfin lẹ́yìn náà, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà títí di òní. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò mẹ́nu kan ìwé tí Nestorius kọ ní ìgbèkùn láti fi gbèjà ara rẹ̀, èyí tí a rí ní èdè Síríákì ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1910. Nínú rẹ̀, Nestorius kò gbà pé òun sọ pé Kristi jẹ́ méjì rí, ó sì ní ohun tí Leo bíṣọ́ọ̀bù Róòmù kọ ní 449 bá ìgbàgbọ́ òun mu. Èèyàn lè ka ìwé náà tán kó ṣì dá Nestorius lẹ́bi, èmi náà kò tíì mọ ibi tí mo dúró sí. Ṣùgbọ́n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a san owó fún kò yẹ kó dá ẹjọ́ láìjẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́, pàápàá nígbà tí Póòpù John Paul Kejì àti Mar Dinkha Kẹrin, olórí ìjọ Ásíríà ti Ìlà Oòrùn, ti jọ fọwọ́ sí ìkéde ní 1994 pé ìgbàgbọ́ kan náà ni àwọn ní nínú Kristi.

Bí inú ṣe bí mi tó nìyẹn, tí mo fẹ́ pa á tì, kí ẹ̀kọ́ keje àti ìkẹjọ tó tù mí lójú. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ méjì yìí nìkan tó owó gbogbo rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí Eutyches, àgbà mọ́ńkì kan ní Constantinople, tó ní àbùdá méjì ni Kristi kí wọ́n tó ṣọ̀kan, àti pé lẹ́yìn tí wọ́n ṣọ̀kan, ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Flavian, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú náà, dá a lẹ́bi ní 448. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ mìíràn jókòó ní Éfésù lábẹ́ Dioscorus, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà. Wọ́n dá Eutyches láre, wọn kò jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà Leo, wọ́n sì yọ Flavian nípò pẹ̀lú ìwà ipá, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú. Leo pe ìgbìmọ̀ náà ní ìpéjọ àwọn ọlọ́ṣà. Kò sí bí wọn ì bá ti yí i padà nígbà tí Theodosius Kejì wà lórí oyè, ṣùgbọ́n ọba náà já bọ́ lórí ẹṣin ní 450, ó sì kú. Pulcheria arábìnrin rẹ̀ fẹ́ Marcian, ọmọ ogun kan, Marcian jọba, wọ́n sì pe ìgbìmọ̀ tuntun sí Chalcedon ní oṣù kẹwàá ọdún 451.

Ibí yìí ni olùkọ́ ti fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ òun. Ó gbé wa jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì Euphemia Mímọ́, ó sì ní kí a wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìwé ìgbàgbọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ lo ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà ek, pé láti inú àbùdá méjì ni Kristi ti wá. Ọ̀pọ̀ bíṣọ́ọ̀bù fọwọ́ sí i, wọ́n ń pariwo pé ìgbàgbọ́ àwọn nìyẹn. Àwọn aṣojú ọba ló dá wọn dúró: wọ́n rán wọn létí pé Dioscorus, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nípò, ti ní òun gba láti inú àbùdá méjì, ṣùgbọ́n pé òun kò gba àbùdá méjì. Ta ni wọ́n ń tẹ̀ lé, Leo ni àbí Dioscorus? Bí wọ́n ṣe yan ìgbìmọ̀ kékeré nìyẹn, tí wọ́n wọlé lọ, tí wọ́n sì jáde pẹ̀lú en, pé nínú àbùdá méjì ni a ti mọ Kristi kan náà, láìdàrú pọ̀, láìyí padà, láìpín, láìyà. Nínú èdè wa, "láti" nìkan ni wọ́n yọ kúrò. Pẹ̀lú "láti inú", èèyàn ṣì lè sọ pé méjì ni tẹ́lẹ̀, pé ọ̀kan ni báyìí. Bí "láti" ṣe kúrò, ọ̀nà yẹn dí. Olùkọ́ gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú fídíò, ó fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì sọ ohunkóhun fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo ṣe padà sí i lẹ́ẹ̀kẹta.

Ohun mìíràn tó sọ dáadáa ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "láì" yẹn kò sọ bí Ọlọ́run àti ènìyàn ṣe ṣọ̀kan nínú Kristi. Ọgbà ni wọ́n fi yí i ká. Méjì àkọ́kọ́ dojú kọ Eutyches, méjì ìkẹyìn dojú kọ ohun tí wọ́n ní Nestorius kọ́ni, wọ́n sì fi àárín sílẹ̀ láìṣàlàyé.

Láti ẹ̀kọ́ kẹsàn-án lọ, eré ni wọ́n ń sá. Wọ́n mẹ́nu kan bí àwọn ará Alẹkisáńdíríà ṣe pa Proterius, bíṣọ́ọ̀bù tó gba Chalcedon, ní 457. Wọ́n mẹ́nu kan ìwé tí ọba Zeno gbé jáde ní 482 láti fi pẹ̀tù sí aáwọ̀, tó sì wá fa ìyapa láàrin Róòmù àti Constantinople láti 484 sí 519. Bí èèyàn kò bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ lásán ni yóò gbọ́. Ìjà lórí bóyá Kristi ní ìfẹ́ inú kan tàbí méjì, èyí tí ìgbìmọ̀ Constantinople parí ní 680 sí 681, gba ẹ̀kọ́ kan péré. Maximus, mọ́ńkì tí wọ́n gé ahọ́n àti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní 662 nítorí pé ó ní méjì ni, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n fún un.

Ìdánwò ẹ̀kọ́ kẹwàá ló tún fa ọ̀rọ̀. Wọ́n béèrè ẹ̀kọ́ tí ìjọ Kọ́ptíìkì ti Íjíbítì ń tẹ̀ lé, wọ́n fi ẹ̀kọ́ Eutyches sí ara ìdáhùn, mo sì yan ti Cyril. Wọ́n ní mo kùnà. Ìjọ Kọ́ptíìkì, ti Síríà, ti Armenia àti ti Etiópíà kò gba Chalcedon lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ Eutyches náà sílẹ̀; gbólóhùn Cyril nípa physis kan ni wọ́n dì mú. Ní 1973 pàápàá, Póòpù Paul Kẹfà àti Shenouda Kẹta, olórí ìjọ Kọ́ptíìkì, jọ fọwọ́ sí i pé Kristi jẹ́ Ọlọ́run pípé àti ènìyàn pípé. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí ní ẹ̀kọ́ kẹfà, ẹni tó kọ ìdánwò kò gbọ́ ọ ni.

Ní ti ìtọ́jú oníbàárà, mo kọ lẹ́tà sí wọn lórí iota àti lórí ìdánwò náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dáhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọn kò sì bá mi jiyàn. Ohùn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà já gaara, ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ sì wúlò, pàápàá nítorí pé wọ́n tẹ lẹ́tà Cyril àti ti Leo síbẹ̀ ní odindi. Bí mo bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún ni, ẹ̀kọ́ kẹjọ ló sì jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹta, kó wá ibòmíràn ka tẹnu Nestorius kó tó gbọ́ ìkẹfà, kó má sì bínú bí ìdánwò ìkẹwàá bá ní ó kùnà. Wọ́n ti dá iota padà sínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ kẹta báyìí. Ìdánwò náà ṣì wà bó ṣe wà nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn.